Kí Lo Fojú Rí?

Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo olè.
Kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi,
èmi Fápohùndà, ọmọ Ọ̀mùò,
tí mo so èbù iṣu ọgọ́rùn-ún mẹ́ta mọ́ àká lẹ́yìn òkè,
tí mo débẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì,
tí mo bá okùn nílẹ̀, tí mi ò bá iṣu.

Àsukù ló ń gbé ahéré tó kángun sí tèmi.
Ìgbìrà ni. Ó mọ ebè í kọ ju ọmọ tí mo bí lọ.
Àlejò ni, iṣu mi sì ti lọ:
ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá?
Mo ké. Òkè gbà á, àwọn ọ̀dọ́ gbà á,
kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti gbé táyà dé.

Ọlọ́pàá mẹ́rin péré ló wà ní tésàn wa nígbà náà.
Ọkọ̀ wọn ti dákú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn,
adìyẹ ń yé sábẹ́ ìjókòó awakọ̀.
Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì;
mo mọ ẹni tó sanwó lábẹ́ ògiri yẹn.
Mi ò ní í tìtorí pé mo ń yin ẹnì kan kí n purọ́ fún mẹ́ta.

Kọ́púrà Iveren ló wà nídìí káńtà lọ́jọ́ náà,
ọmọ Tífù láti Bẹ́núè.
Ahọ́n wa ò gbé orúkọ rẹ̀, a sọ ọ́ di Ìférẹ́ẹ̀nì,
ó sì ń jẹ́ ẹ.
"Ọ̀kún o" nìkan ló dán lẹ́nu rẹ̀ nínú èdè wa;
ìyókù, ṣe ló ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Ó gba àárín wa kọjá
bí ẹni tó ń lọ pọnmi,
ó dúró síwájú Àsukù, ó kọjú sí wa.
Kò yọ ìbọn. Bírò ló yọ.
Ó ní, "Ta ló ni ẹjọ́?"
Mo ní èmi ni.
"Kí lo fojú rí?"
Mo ní, gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn àtìpó yìí...
"Mi ò bi ayé. Bàbá, kí lo fojú rí?"
Mo la ẹnu. Okùn nìkan ni ojú mi rí.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: okùn.

Ó yíjú sí Àsukù, ó bi í ní ìbéèrè kan náà,
ohùn kan náà, kò lé, kò dín.
Ẹ̀rù ti gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ náà,
èdè ìyá rẹ̀ nìkan ló kù.
Ìférẹ́ẹ̀nì ní ká dúró,
ká lọ pe ìyàwó télọ̀ kó wá túmọ̀.
Táyà wà nílẹ̀, bẹntiróòlù ń rùn,
àwa sì ń dúró de ògbufọ̀!
Ẹnì kan ju òkò, ó bà á léjìká.
Ó wo èjìká, ó wo bírò,
ó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni a rí èbù mi lọ́jà Ìkọ̀lé.
Mi ò ní í dárúkọ ẹni tó tà á.
Ìyá kan náà ló ṣáà bí èmi àti bàbá rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀rẹ́ ará ìlú ni ọlọ́pàá.
Lọ́jọ́ yẹn, ká ní ọ̀rẹ́ mi ni obìnrin yẹn,
apààyàn ni ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ yìí.

Mo ru iṣu mẹ́fà lọ sí tésàn. Kò gbà á.
Ó ní ẹni tí mo jẹ ní gbèsè kọ́ lòun,
ó nawọ́ sí ọ̀nà oko.

Wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn kí òjò tó dá.
Táyà náà ṣì wà lábẹ́ igi ọ̀dán,
àwọn ọmọdé ń yí i kiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀yìn ilé ìwé ni mo ń gbà lọ sóko báyìí.
Ó jìn díẹ̀.